Ìtàn íntánẹ́ẹ̀tì kò parí sí Amẹ́ríkà

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé kọ̀ǹpútà ọmọ ọmọ mi ni mo kà tí mo fi mú bírò. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ní ọdún 1969 ni kọ̀ǹpútà kan ní UCLA, yunifásítì kan ní California, kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí èkejì ní ilé ìwádìí Stanford. Wọ́n dárúkọ Vint Cerf àti Bob Kahn tó ṣe òfin tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, wọ́n dárúkọ Tim Berners-Lee tó dá wẹ́ẹ̀bù sílẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àmọ́ kò síbi tí wọ́n ti sọ bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe dé Èkó, ìyẹn ló ká mi lára.

Mo ta tíkẹ́ẹ̀tì àkókò ní kafé íntánẹ́ẹ̀tì kan ní Sábó, Yábàá. Nígbà náà, àwo ńlá orí òrùlé la fi ń gba íntánẹ́ẹ̀tì láti ara sátẹ́láìtì tó wà ní nǹkan bíi kìlómítà 36,000 lókè. Ọ̀nà jìn, owó rẹ̀ sì ga. Alẹ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ya wá, torí owó òru dín sí ti ọ̀sán. Wọ́n á jókòó títí ilẹ̀ á fi mọ́, wọ́n ń wá iléèwé sí òkè òkun, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn wa.

Okùn abẹ́ òkun ló tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Dígí tó tín-ín-rín bí irun ló wà nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń gbé ọ̀rọ̀ gba inú dígí náà. Èyí tí wọ́n ń pè ní SAT-3 ti ń ṣiṣẹ́ láti 2002, ṣùgbọ́n okùn kan kò tó wa. Okùn Glo-1 gúnlẹ̀ ní 2009. Ṣáájú ìyẹn, ní 2008, ni Fúnkẹ́ Opeke, ọmọ Yorùbá tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà wálé, ti dá ilé-iṣẹ́ MainOne sílẹ̀. Okùn tirẹ̀ ti Portugal wá, ó gba Gánà, ó dé Èkó ní 2010, nǹkan bíi kìlómítà 7,000. Obìnrin ni o! Kí ló dé tí àwọn ọmọbìnrin wa kò mọ orúkọ rẹ̀?

Ní oṣù kẹta 2024, tí SAT-3, MainOne àti àwọn mìíràn já ní etíkun Côte d'Ivoire, táwọn báńkì ò ríṣẹ́ ṣe, àwọn ọmọ àdúgbò mi ń na fóònù sókè, wọ́n rò pé ojú ọ̀run ló bàjẹ́. Ta ló kọ́ wọn pé abẹ́ omi ló ń gbà wá?

Ẹ bá mi bẹ àwọn tó ń kọ ìwé fún iléèwé ìpínlẹ̀ Èkó, kí wọ́n fi ojú ewé kan kún un. Bí wọ́n bá fẹ́ gbọ́ ti kafé, àwa tá a jọ ta tíkẹ́ẹ̀tì ṣì wà ní Yábàá, a ó sọ ọ́.

Èmi ni,
Ìyá oníkafé tẹ́lẹ̀, Yábàá, Èkó