Lẹ́tà sí Àyìndé, nípa ìrẹsì inú ìgò

Apẹ́tẹ́, Ìbàdàn

Àyìndé ọmọ mi,

A kí ọ o. Orúnkún màmá rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀, wọ́n sì ti bá wa dí òrùlé ẹ̀yìn tó ń jò. O kò pè wá láti ìgbà tí o ti padà sí Àbújá. Ẹnu ọ̀rẹ́ rẹ tó yà kí wa ni mo ti gbọ́ pé o ti fẹ́ kọ̀wé pé o rí ìrẹsì tí iyọ̀ kò lè pa, torí pé kálọ́ọ̀sì bíi mélòó kan, ìyẹn ìṣù kékeré ara ìrẹsì tí o ń tọ́ nínú ìgò, yè nínú iyọ̀ lẹ́yìn tí o tan ìtànṣán gámà sí wọn láti yí àbùdá wọn padà. Ṣé òótọ́ ni? Oorun ò kùn mí mọ́.

Má kánjú, jọ̀ọ́. Ìṣù kékeré inú ìgò yẹn kò ní gbòǹgbò, kò ní ewé. Odidi ìrẹsì, gbòǹgbò ló fi ń dènà iyọ̀ kó má baà dé ewé. Èyí tó yè nínú ìgò lè kú kíá tó bá di odidi ìrẹsì lórí ilẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé iyọ̀ kàn mọ́ ọn lára ni, tí ìtànṣán gámà kò yí nǹkan kan padà nínú àbùdá rẹ̀. Kó kálọ́ọ̀sì náà sínú oúnjẹ inú ìgò tí kò níyọ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí o tó dá a padà sínú iyọ̀. Èyí tó bá ṣì yè, jẹ́ kó hù, kó so, kí o gbin èso rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àyípadà tí ìtànṣán ń fà, ìran kejì ló máa ń hàn.

Wọ́n tún ní ìtànṣán Gray 200 (Gray la fi ń wọn ìtànṣán) ni o kọ́kọ́ fún kálọ́ọ̀sì, tí gbogbo rẹ̀ kú. Àyìndé! Irúgbìn gbígbẹ ló ń gba irú ìyẹn. Ohun tó lómi lára, tó ń pín lójoojúmọ́, tó bá ti kọjá Gray 50, ó ti le jù fún un. Kí ló dé tí o kò bi mí? Mo mọ̀ pé ó dùn ọ́, kálọ́ọ̀sì tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́. Pẹ̀lẹ́.

Àwọn ará Vietnam ṣe é yọrí. Ìrẹsì VND95-20, irúgbìn ìrẹsì kan tó ń jẹ́ IR64 ni wọ́n tan gámà sí kí wọ́n tó rí i, ó sì hù ní etí odò Mekong níbi tí omi iyọ̀ ń wọ̀. Ìran dé ìran ni wọ́n ń ṣà á kó tó dé ọwọ́ àgbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n màmá rẹ ní Ìlàjẹ ti ń bi mí ìgbà tí irúgbìn rẹ máa dé. O mọ bí òkun ṣe ń jẹ ilẹ̀ Ayétòrò. Tí wọ́n bá fi owó wọn gbìn ín, tó kú ńkọ́?

Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, ọ̀gá kan kọ ọ́ sínú ìwé pé ewéko kan yè. Èmi ni mo fọ ìgò rẹ̀, mo mọ̀ pé ó ti kú. Mo dákẹ́, torí ẹnu ẹ̀yin ọmọ tí mo ń bọ́. Ó ṣì ń dùn mí. Ìdí nìyí tí n kò fi lè dákẹ́ fún ọ.

Lọ bá ọ̀gá rẹ, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún ọ láyè gbin ìran kejì. Bó bá jẹ́ owó ilé ló ń lé ọ, màmá rẹ ti gbà kí n ta igi tíìkì tó wà lóko. Pè mí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, kí o sì ka ohun tó wà nínú ìwé rẹ sí mi létí, àtèyí tó yè àtèyí tó kú.

Bàbá rẹ