Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́, láti Oakland

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta. Iṣẹ́ ń lọ, wọ́n ti fi kún owó ilé wa, Bọ̀sẹ̀ sì ti bí obìnrin.

Ọ̀rọ̀ Dàmọ́lá ni kò jẹ́ kí n sùn. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bí mo ti ń tú àpò ṣòkòtò rẹ̀ kí n tó fọ̀ ọ́, ohun kan tó dà bí bírò já bọ́, ó ń ta sánsán bí máńgòrò tó pọ́n. Mo kọ́kọ́ rò pé lọ́fíńdà ni. Vape ni, Àbẹ̀kẹ́, sìgá oníbátìrì, lọ́wọ́ ọmọ ọdún 16! Ìwọ rántí iye Tọ́ọ̀mù-tọ́ọ̀mù tí a ń jẹ lórí sìgá kan ṣoṣo nítorí imú Mátírọ́ọ̀nù; ti àwọn wọ̀nyí kò nílò rẹ̀.

Ohun tó dùn mí ni pé èmi náà dìbò fún òfin tó ní kí ṣọ́ọ̀bù kankan ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà wa níbí má ta vape aládùn àti sìgá oní-menthol, èyí tó ń tutù lọ́fun (irú tí àwa náà ń mu nígbà náà) mọ́. Gómìnà Newsom fọwọ́ sí i ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ tábà kó ìbuwọ́lùwé jọ, wọ́n sì fi dá a dúró títí a fi dìbò lé e lórí ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, tí ó lé ní 60 nínú 100 olùdìbò tó gbà á wọlé. N kò kábàámọ̀ ìbò mi: ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ àdúgbò wa kò pàtẹ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ṣingọ́ọ̀mù mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tajà ni òfin náà ń bu owó ìtanràn lé, Dàmọ́lá sì ní inú báàgì ọmọ kíláàsì òun ni òun ti rà á.

Bàbá rẹ̀ ní kí a gbààwẹ̀, èmi ní kí a wá pàṣán. Ìwọ sì mọ ibi tí pàṣán ń gbéni dé ní ìlú yìí.

Jọ̀wọ́, pè é lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Má bá a wí rárá. Sọ ti ọdún mọ́kànlá tí o fi ń jáwọ́ fún un, àti òru ọjọ́ tí o ró ìró, tí o wọ sálúbàtà, tí o rìn dé Mókọ́lá nítorí sìgá ẹyọ kan. Ìtàn rẹ ni, ìdí nìyẹn tí n kò fi sọ ọ́ fún un. Bí ó bá tì ọ́ lójú, fi sílẹ̀, n kò ní bínú.

Bí aago mẹ́jọ alẹ́ bá lù lọ́dọ̀ yín, ọ̀sán ni níbí. Yóò ti jí.

Tìrẹ,
Ṣadé