Lẹ́tà Ẹ̀sùn: Ṣòkòtò Rọ́bà Tó Jò Mọ́ Mi Lára Nínú Odò Ògbẹ̀sẹ̀

Ìjàpọ̀,
Àkúrẹ́,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, 2025.

Sí Ọ̀gá Àgbà Ilé-Iṣẹ́,
Ẹ̀ka Àkúrẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ọjà. Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá, mo ra ṣòkòtò rọ́bà kan ní ṣọ́ọ̀bù yín, èyí tó ga dé àyà tí bàtà sì lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, pẹ̀lú páálí ìwọ̀ kan. ₦96,500 ni mo san. Ẹ̀dà rìsíìtì wà nínú àpòòwé yìí. Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo máa wọ ṣòkòtò náà ló jò. Mo ti gbé e wá fún yín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n sì ní kí n máa gbé e lọ.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín. Láti ìparí oṣù Kẹwàá ni odò Ògbẹ̀sẹ̀ ti máa ń fà. Òjò á ti dáwọ́ dúró, omi tó kún bo oko á sún padà sí ipa rẹ̀, ẹja tó ti jẹ̀ káàkiri inú àbàtà á sì bá omi padà. Àsìkò yìí gan-an làwa tí a ń dẹ ìwọ̀ lópin ọ̀sẹ̀ máa ń retí látọdún dé ọdún: àrọ̀ ń bẹ, òbòkún ń bẹ, èpìyà ò lóǹkà. Ṣùgbọ́n a ní láti wọ omi náà dé itan ká tó lè na okùn. Bẹ́ẹ̀, nínú irú omi jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀, lẹ́bàá koríko, ni ìgbín kékeré tó ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá, àìsàn tó ń mú kéèyàn tọ ẹ̀jẹ̀, máa ń wà. Kòkòrò náà kì í dúró de ọgbẹ́. Awọ ara tó dá ṣáká ló ń gbà wọlé. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí mo tọ ẹ̀jẹ̀, mi ò sì tíì gbàgbé ojú tí ìyá mi fi wo ike tí mo tọ̀ sí. Ìdí tí mo fi wá ra rọ́bà nìyẹn. Mo sọ ọ́ fún ọmọkùnrin tó dá mi lóhùn ní ṣọ́ọ̀bù yín, mo ní, "Odò Ògbẹ̀sẹ̀ ni mo fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ, mi ò fẹ́ kí omi kàn mí lára rárá." Ó ní, "Ẹ fọkàn yín balẹ̀, ọ̀gá mi, òun làwọn òyìnbó fi ń pa ẹja ńlá lásìkò yìí gan-an."

Ìgbà tí mo délé tí mo ka ara páálí ni mo rí i pé ẹja sámọ́nì ni wọ́n ṣe é fún. Mo fara balẹ̀ kà nípa ẹja náà. Inú òkun ló ti ń dàgbà, á wá wọ odò padà, á máa wẹ̀ lòdì sí ìṣàn omi títí dé ibi tí wọ́n ti bí i, kó lè yé ẹyin sáàárín òkúta wẹ́wẹ́. Ní Scotland, oṣù Kọkànlá àti Kejìlá ni púpọ̀ nínú wọn ń yé, omi odò ibẹ̀ á sì ti tutù bí omi inú fìríìjì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi fóòmù tó nípọn tó mìlímítà márùn-ún ṣe ṣòkòtò náà. Ó dáa fún ẹni tó wà lọ́hùn-ún. Ní Ògbẹ̀sẹ̀ tiwa, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá, aago mẹ́wàá àárọ̀ ò tíì lù tí òógùn fi kún inú rẹ̀, tí òòyì ń kọ́ mi, tí mo sì lọ jókòó sábẹ́ igi bí ẹni tí ibà ń ṣe.

Bákan náà ni ìwọ̀ tó wà nínú páálí. Ìyẹ́ aláwọ̀ mèremère ni wọ́n so mọ́ ọn. Sámọ́nì kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹun mọ́ tó bá ti wọ odò, ohun tó bá ń tàn níwájú rẹ̀ ló máa ń bù ṣán. Àrọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Òru ló ń jẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ àti òórùn ló sì fi ń wá oúnjẹ nínú omi tó rú. Kí ló fẹ́ fi ìyẹ́ pupa ṣe? Ekòló ni mo padà lọ wà.

Ǹ bá má kọ lẹ́tà nítorí ooru àti ìyẹ́. Jíjò yẹn ni ẹjọ́ mi. Ní Sátidé, ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá, mo wà láàárín odò tí ojú ìsopọ̀ itan òsì fi là. Omi ya wọlé, ó lọ kún inú bàtà, ẹsẹ̀ mi wúwo débi pé mi ò lè gbé e mọ́. Bàbá apẹja tí mo máa ń tẹ̀ lé lọ, ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ló na àjẹ̀ sí mi láti inú ọkọ̀ tó sì fà mí débi tí ilẹ̀ ti le. Ká ní èmi nìkan ni mo lọ lọ́jọ́ náà ńkọ́? Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn, dókítà ní àyẹ̀wò ò tíì lè fi nǹkan kan hàn, àfi lẹ́yìn oṣù méjì sí mẹ́ta. Láti ọjọ́ náà, mi ò lè tọ̀ kí n má wo àwọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kíní tí mo wá, wọ́n ní ẹ̀gún ló fà á ya. Kò sí ibi tó ya. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ ló ṣí lóòró, ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kàn án á rí i. Ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n nàka sí ìlà kan lórí rìsíìtì, pé ẹ kì í gba ọjà padà. Òfin ọdún 2018 tó dá FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà, sílẹ̀ sọ pé bí oníbàárà bá ti sọ ohun tó fẹ́ fi ọjà ṣe fún olùtajà, tí ọjà náà ò sì wúlò fún un, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a padà kó sì gba gbogbo owó rẹ̀. Èmi sì sọ ọ́ kí n tó sanwó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ₦96,500 mi padà láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, kí ẹ sì san owó àyẹ̀wò tí mo máa ṣe ní oṣù Kìíní. Mi ò fẹ́ kí ẹ fún mi ní òmíràn dípò rẹ̀. Mo rí irú ṣòkòtò yìí mẹ́rin tí ẹ ṣì fi kọ́ sára ògiri. Ẹ gbé wọn sọ̀, ẹ pọn omi sínú wọn dé ìbàdí, kí ẹ wo ojú ìsopọ̀ wọn kí ẹ tó ta ọ̀kan fún ẹlòmíràn. Bí ọjọ́ mẹ́rìnlá bá kọjá tí mi ò gbọ́ nǹkan kan, ọ̀dọ̀ àjọ náà ni mo máa gbé rìsíìtì àti ṣòkòtò náà lọ.

Mi ò lẹ̀ ẹ́, mi ò sì fọ̀ ọ́. Bó ṣe là ló wà. Bí ẹ bá fẹ́ rán ẹnìkan wá wò ó, mo máa ń wà nílé lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Nọ́ńbà fóònù mi wà lórí rìsíìtì.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníbàárà yín ní Ìjàpọ̀.