Owó àti àyè ló kó ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin pọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ Faransé

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo gbádùn àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí Mixte, eré orí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Faransé nì, àyàfi ibi tí ẹ ti ní ìfẹ́ ìdọ́gba ló mú kí ìjọba ibẹ̀ jẹ́ kí tọkùnrin tobìnrin jókòó sí kíláàsì kan náà. N kò rò pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Eré náà, tí Marie Roussin dá sílẹ̀, tó sì jáde lọ́dún 2021, gbé wa lọ sí ọdún 1963, nílùú kékeré Saint-Jean-d'Angély, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ girama Voltaire, tó jẹ́ ti ọkùnrin nìkan tẹ́lẹ̀, ti gba ọmọbìnrin 11 wọlé. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń da ìjọba láàmú lásìkò náà: àwọn ọmọ tí wọ́n bí wìtìwìtì lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ti tó girama lọ, àṣẹ ọdún 1959 sì ti sún ọjọ́ orí tí ọmọ lè fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láti 14 sí 16. Ìlú kékeré wo ló fẹ́ rí owó kọ́ ilé ẹ̀kọ́ méjì, kó tún wá olùkọ́ sí méjèèjì? Ó di ọdún 1975 kí òfin René Haby, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, tó jáde, àṣẹ tó tẹ̀ lé e lọ́dún 1976 ló sì sọ kíkó ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin pọ̀ di dandan.

Bí ẹ bá fara balẹ̀ wo eré náà, ẹ ó rí i pé ẹnu ọ̀nà nìkan ni wọ́n ṣí. Annick Sabiani, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin inú eré náà, mọ̀wé débi pé Jean-Pierre Magnan, ọmọkùnrin tí ipò kìíní ti mọ́ lára, kò rójú mọ́. Síbẹ̀, ìwà àwọn ọmọbìnrin náà ni gbogbo èèyàn ń ṣọ́. Láyé ìgbà yẹn, ṣòkòtò jẹ́ èèwọ̀ fún ọmọbìnrin ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ girama Faransé, ẹ̀wù àwọ̀lékè sì ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi bo aṣọ tí wọ́n bá wọ̀ wá láti ilé.

Ìjọba tó bá fẹ́ ìdọ́gba kì bá ti bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ìyá wọn? Lọ́dún 1963 tí à ń wí yìí, òfin ṣì fàyè gba ọkọ láti ta ko iṣẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ ṣe. Oṣù Keje ọdún 1965 ni wọ́n tó pa á rẹ́, tí obìnrin tó wà nílé ọkọ sì lè ṣí àkáǹtì ní báńkì láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá tún padà sórí eré yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fi ti owó àti kíláàsì tó kún àkúnya kún un.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Abẹ́òkúta