Àpá itan mi

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Lẹ́tà rẹ dé. O ní kí n má fi nǹkan kan pa mọ́ fún ọ, ó dáa, fìdí mọ́lẹ̀ kí o gbọ́.

Ṣé o rántí àpá itan mi, ibi tí gíláàsì ti gé mi nígbà tí a wà lọ́dọ̀ọ́? Òun ló fẹ́ gbẹ̀mí mi. Fún oṣù mélòó kan, ẹsẹ̀ mi ń wú, bí mo bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ á jìn. Ìrọ̀rí mẹ́ta ni mo fi ń sùn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, mi ò ní lè mí. Wọ́n ní ọkàn mi ti fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n fún mi ní oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀, wọ́n ní kí n dín iyọ̀ kù. Ó lọ, ó tún padà.

Dókítà obìnrin kan ló di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ọwọ́ yín mà gbóná o." Lójú tirẹ̀, ọwọ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ kì í sábà gbóná bẹ́ẹ̀. Ó bèèrè bóyá mo ti fara gbọgbẹ́ rí, ni mo bá fi àpá hàn án. Ó ní kí n gbé ọwọ́ lé e. Ọ̀rẹ́, ó ń gbọ̀n lábẹ́ ìka mi bí oyin tí wọ́n dé mọ́ inú ìgò! Ọdún mélòó ni mo ti ń wẹ̀, tí mi ò fura? Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ pinpin, ọkàn mi tó ń sáré sì rọra wálẹ̀. Ó ní dókítà kan tó ń jẹ́ Branham ti kọ̀wé nípa irú èyí láti 1890.

Gíláàsì yẹn ló dá iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ àti èyí tó ń gbé e bọ̀ lu síra wọn. Dípò kí ẹ̀jẹ̀ gba inú àwọn iṣan tín-ín-tín-ín inú ẹran ara, ẹ̀bùrú ló ń gbà padà sínú ọkàn. Bí lítà 5 ni ọkàn ń tú jáde ní ìṣẹ́jú kan. Tèmi ti kọjá 8. Kíndìnrín ní tirẹ̀ rò pé ẹ̀jẹ̀ ò tó, ó wá ń há iyọ̀ àti omi mọ́wọ́. (Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé wọ́n máa ń mọ̀ọ́mọ̀ so iṣan méjèèjì pọ̀ lápá àwọn tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ wọn.)

Wọn ò la itan mi. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n tì gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ wọlé láti itan kejì, wọ́n fi páìpù kékeré tí aṣọ bò dí ojú ihò náà. Ojú mi là sílẹ̀ kedere. Oyin náà dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹsẹ̀ mi ti fọn. Ìrọ̀rí kan ṣoṣo ni mo ń lò báyìí. Méjì tó kù ń dúró dè ọ́.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ