Ẹ Má Kàn Ní Kí Àwọn Àgbà Da Valium Nù

Sí Olóòtú,

Bí ọ̀rọ̀ oògùn oorun bá ti délẹ̀ láwùjọ wa, ìkìlọ̀ kan náà ni a máa ń gbọ́, pé kí ẹni tó ń lo Valium, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní diazepam, yára dà á nù. Ète rere ló wà nídìí ìkìlọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó lè ṣe ẹni tó bá tẹ̀ lé e ní jàǹbá.

Ohun tí oògùn yìí ń ṣe ni pé ó ń fún èròjà kan tí ọpọlọ fi ń mú ara rọlẹ̀, GABA, lágbára sí i. Bí èèyàn bá ti ń lò ó lálaalẹ́ fún oṣù mélòó kan, tó wá dáwọ́ rẹ̀ dúró lójijì, àìsùn, ìpayà àti kí ara máa gbọ̀n ni yóò kọ́kọ́ dé, gìrì bí ti oníwárápá sì lè tẹ̀ lé e. Dókítà ló yẹ kó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, bó tilẹ̀ gba ọ̀pọ̀ oṣù.

N kò sọ pé oògùn búburú ni. Láti ọdún 1963 tí ilé-iṣẹ́ Roche ti gbé e jáde ló ti ń wúlò nílé ìwòsàn fún gìrì tí kò fẹ́ dáwọ́ dúró, àti fún ọ̀mùtí tó ń jáwọ́ nínú ọtí. Ní ti àìsùn àti àníyàn, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ló yẹ kó mọ. Ta ló ń ka ọ̀sẹ̀ fún ẹni tó ń rà á ní hóró-hóró lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì, láìsí ìwé dókítà? Oníkẹ́míìsì náà kì í béèrè bóyá oníbàárà ń mu ọtí tàbí ó ń lo tramadol, oògùn ìrora, bẹ́ẹ̀ àpapọ̀ wọn pẹ̀lú Valium lè dá èémí dúró. Nítorí irú rẹ̀ ni FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà, ṣe pàṣẹ ìkìlọ̀ tó le jù lọ lórí àwọn oògùn wọ̀nyí ní ọdún 2016. Ní ara àgbàlagbà, oògùn àná ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí tòní bá wọlé, ìdí nìyí tí ìyá àgbà tó dìde lóru láti lọ tọ̀ fi ń ṣubú, tí eegun ìbàdí rẹ̀ sì ń kán.

Mo rọ NAFDAC láti mú àwọn tó ń tà á láìsí ìwé. Ní tiyín, Olóòtú, ẹ jọ̀wọ́, nígbàkigbà tí ojú ìwé ìlera yín bá tún kìlọ̀ nípa oògùn oorun, kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹni tó ti ń lò ó pẹ́ lọ bá dókítà kó tó fi í sílẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Apòògùn kan, Ìbàdàn.