Agbọ́n ni Kinsey kọ́kọ́ ń kó jọ

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹni tó kọ̀wé sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá pé fíìmù oníhòòhò ni Kinsey, ó jọ pé kò wò ó dópin. Èmi wò ó. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló pọ̀ jù níbẹ̀: ẹni méjì jókòó, ọ̀kan ń béèrè, èkejì ń dáhùn, bíírò ń sáré lórí ìwé.

Kí Alfred Kinsey, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Amẹ́ríkà tí òṣèré Liam Neeson ṣe nínú fíìmù ọdún 2004 náà, tó dé ìdí ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀, agbọ́n kéékèèké ló ń kó jọ ní Yunifásítì Indiana, tó ń wọn ìyẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Sùúrù yẹn náà ló fi bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fọ̀rọ̀ wá nǹkan bí 18,000 ènìyàn lẹ́nu wò nípa ìbálòpọ̀ wọn. Ìwé tó kọ lórí ìbálòpọ̀ ọkùnrin jáde ní 1948, wọ́n rà á bí ẹni ra àkàrà. Ti obìnrin jáde ní 1953, ni ariwo bá ta. Ẹ gbọ́ mi yé o!

Àbùkù wà nínú ìwádìí rẹ̀ lóòótọ́: ẹlẹ́wọ̀n pọ̀ jù nínú àwọn tó fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, àwọn onímọ̀ ìṣirò sì bá a wí. Ìyẹn ni kí ẹ jẹ́ ká jiyàn lé lórí.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín, Ìbàdàn